Ẹ Má Kí Mi Kú Ewu, Ọmọ Mi Ò Ṣàìsàn

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, mo lọ síbi ìkómọ kan ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta. Mo ń jẹ ìrẹsì ọ̀fadà mi jẹ́ẹ́jẹ́ ni màmá kan tí a jọ gbé àdúgbò rí bá pariwo láti tábìlì kejì: "Bàbá Àjàní! Ẹ kú ewu o! Mo gbọ́ pé ọmọ yẹn ti ń ṣiṣẹ́. Ọlọ́run mà ti wò ó sàn!" Gbogbo àwọn tó wà ní tábìlì ṣe àmín. Èmi náà ní a dúpẹ́, mo sì gbé ṣíbí mi sílẹ̀. Oúnjẹ ò lọ mọ́.

Ó di ọjọ́ mẹ́rin lónìí, inú ṣì ń bí mi. Àjàní ò sàn. Kò sí ohun tó fẹ́ sàn lára rẹ̀. Ọ́tíísìmù ló ní, ìyẹn ni pé ọpọlọ rẹ̀ ń gba ọ̀nà mìíràn ṣiṣẹ́. Kì í ṣe ibà, bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn. Ó wà lára rẹ̀ nígbà tó ń gba owó oṣù lọ́jọ́ Jímọ̀, yóò sì wà lára rẹ̀ bó bá darúgbó. Ọmọ ọdún 23 ni. Oríkì rẹ̀ ni mo ń pè é níbí. Ẹ̀yin tí ẹ mọ orúkọ rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi sínú.

Màmá yìí kan náà ló sọ fún ìyá rẹ̀, nígbà tí ọmọ pé ọdún mẹ́rin tí kò tíì sọ̀rọ̀, pé ẹlẹ́gbẹ́ ni, ká yáa ṣe sàárà fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kí wọ́n tó wá mú un lọ. A ṣe é. A tún gun òkè àdúrà. Ọmọ náà kàn ń ka òkúta tó wà ní ẹsẹ̀ òkè ni.

Ohun tí kò jẹ́ ká tètè mọ̀ ni pé nílé Yorùbá, ọmọ tí kì í tẹjú mọ́ àgbà, ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni. Àjàní kì í wo ẹnikẹ́ni lójú, àwọn èèyàn sì ń yìn wá pé a tọ́mọ. Ibi ìkíni ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Àlejò wọlé, ọmọ ò dọ̀bálẹ̀, ọmọ ò sọ pé ẹ káàbọ̀. Èmi tí wọ́n ń pè ní Tíṣà, tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mo na ọmọ mi nítorí pé kò kí àlejò. Mo nà án ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. N kò lè sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìyẹn.

Àwọn tó ń sọ pé òyìnbó ló kó ọ́tíísìmù dé, pé kò sí i láyé àwọn bàbá wa, n kò ní dá wọn lóhùn. Kí wọ́n bi àwọn àgbà ilé wọn léèrè, ta ni wọ́n ń pè ní dìndìnrìn ládùúgbò nígbà náà?

Ẹ mọ bí ìyá Yorùbá ṣe ń rán ọmọ níṣẹ́. Yóò tutọ́ sílẹ̀, yóò ní kí itọ́ yìí tó gbẹ, kí o ti dé. Lọ́jọ́ tí ìyá Àjàní kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀ fún un, ata ló rán an láti rà níwájú ilé. Ọmọ lóṣòó ti itọ́. Ó ń wò ó. Ó fẹ́ mọ iye àkókò tí òun ní. Nígbà tó gbẹ tán ló dìde, ó ní, "Màámi, ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni." Ìgbà yẹn ló wá lọ ra ata. Ìyá rẹ̀ sunkún títí ilẹ̀ fi ṣú. Ní báyìí, tí mo bá rántí, ohun tí mo máa ń rò ni pé nínú gbogbo wa tí wọ́n ti tutọ́ sílẹ̀ fún, ta ló ronú rí láti mọ bó ṣe ń pẹ́ tó kó tó gbẹ?

Ṣómólú ló ti ń ṣiṣẹ́, ní ṣọ́ọ̀bù atẹ̀wé kan tí kò jìnnà sí Fọlá Agoro. Ẹni tó bá ti gba káàdì ìgbéyàwó tàbí kàlẹ́ńdà ìsìnkú rí l'Ékòó, bí kò tilẹ̀ mọ Ṣómólú, iṣẹ́ ọwọ́ Ṣómólú ló gbé lọ sílé. Ẹsẹ̀ ló fi ń rìn lọ láti Bárígà. Kò fẹ́ kí kọ́ńdọ́ pariwo sí òun létí, kò sì gbà pé kí ọkọ̀ tó pe 200 náírà níbùdókọ̀ di 300 lójú ọ̀nà.

Kó tó débẹ̀, ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìdúmọ̀tà ti gbà á, wọ́n lé e ní ọjọ́ kejì. Oníbàárà bi í bóyá ọjà náà dára, ó ní ó dára, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù tó tẹ̀ lé e ń tà á ní ẹ̀dínwó. Òótọ́ ló sọ. Ilé iṣẹ́ mìíràn pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Wọ́n ní, "Sọ nǹkan fún wa nípa ara rẹ." Ó sọ bó ṣe ga tó, ó sọ bó ṣe wúwo tó, ó sọ pé apá òsì òun ní àpá. Ara rẹ̀ náà ni wọ́n bi í. Wọn ò pè wá mọ́.

Mo kọ́ ọmọ ọ̀gá tó gbà á yìí ní ilé ìwé nígbà kan, ìyẹn ni mo fi lẹ́nu láti lọ bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun á dán an wò fún oṣù kan. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ò rọrùn. Ọ̀gá ní kó fojú sí iṣẹ́ tó wà níwájú rẹ̀, Àjàní bẹ̀rẹ̀, ó gbé ojú lé bébà títí imú rẹ̀ fi kàn án. Ọ̀gá rò pé ó ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, ó fóònù mi. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ sọ fún un pé kó wò ó dáadáa. Àkànlò èdè, ẹ bá wa fi pamọ́ ná."

Ìyàlẹ́nu ló jẹ́ fún mi pé ọkùnrin náà gbọ́. Ó ra pátákó kan, ó gbé e kọ́ ògiri. Láràárọ̀ ló ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ iṣẹ́ Àjàní sí i, èyí tí yóò kọ́kọ́ ṣe, èyí tó tẹ̀ lé e. Bó bá parí ọ̀kan, á pa á rẹ́. Wọ́n sún àga rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀ lọ sẹ́yìn níbi tí wọ́n ń kó bébà sí. Ọ̀gá kìlọ̀ fún àwọn yòókù pé kí wọ́n yéé gbá a lẹ́yìn bí wọ́n bá ń kí i. Bí nǹkan bá fẹ́ yí padà, wọ́n á tètè sọ fún un. Gbogbo ẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ fún mi pé owó gọbọi ni ilé iṣẹ́ máa ná kó tó lè gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹ bá mi béèrè iye tí wọ́n ń ta ṣọ́ọ̀kì.

Ní oṣù kọkànlá ọdún tó kọjá, wọ́n tẹ ìwé rìsíìtì fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan. 100 ìwé ni, ewé 50 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti 0001 dé 5000. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò mọ̀: nọ́ńbà rìsíìtì kò gbọ́dọ̀ fò, kò sì gbọ́dọ̀ tún ara rẹ̀ tẹ̀, torí òun ni ẹni tó ń yẹ owó ẹgbẹ́ wò máa tọ̀ lẹ́yìn. Kẹ̀kẹ́ kékeré tó ń yí nọ́ńbà nínú ẹ̀rọ sì máa ń há. Bó bá há, á tẹ nọ́ńbà kan lẹ́ẹ̀mejì, á wá fo èyí tó tẹ̀ lé e, iye ewé á ṣì pé. Ojú lásán kì í tètè rí i.

Wọ́n ti gún un ní pínnì, wọ́n ti gé etí rẹ̀, wọ́n ti kó o sínú páálí. Oníbàárà ti dé, kò tilẹ̀ pa ẹ́ńjìnnì ọkọ̀. Àjàní bá dúró síwájú páálí, ó na ọwọ́ méjèèjì, ìka rẹ̀ ń gbọ̀n bó ṣe máa ń gbọ̀n bí nǹkan bá dùn ún. Ó ní, "Kò pé. 3128 ò sí. 3127 jẹ́ méjì." Ọ̀gá ní kó kúrò lọ́nà. Kò kúrò. Ọ̀gá pariwo mọ́ ọn, Àjàní fọwọ́ di etí, ṣùgbọ́n kò kúrò. Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ló wá tú páálí láti fi parí ìjà. Wọ́n ṣí ìwé kẹtàlélọ́gọ́ta. 3126. 3127. 3127. 3129.

Nígbà tí Ọ̀gá pè mí, ọkàn mi já, mo ní ó ti tán. Ó ní, "Tíṣà, ọmọ yín gbà mí lọ́wọ́ ìtìjú lónìí." Inú dánfó ni mo wà lójú ọ̀nà Ìkòròdú. Mo sunkún. Obìnrin tó jókòó tì mí fún mi ní áńkáṣíìfù, ó ń kí mi pé mo kú ìrọ́jú, ó rò pé wọ́n túfọ̀ ẹnìkan fún mi ni.

Láti ìgbà náà, rìsíìtì kan kì í jáde ní ṣọ́ọ̀bù yẹn láìjẹ́ pé ó wò ó. Ohun tó tún wá dùn mọ́ mi jù ni pé àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́fà tó ń dá àjọ níbẹ̀ gbé ìwé àjọ lé e lọ́wọ́. L'Ékòó yìí! Owó olówó, wọ́n ní òun ni kó máa kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ ṣàkíyèsí pé ọmọ tó lóṣòó ti itọ́ ló rí 3127. Bí wọ́n bá wò ó sàn bí màmá yẹn ṣe ń fẹ́, ta ló máa rí i?

Ẹ má sì tún sọ ọ́ di ànjọ̀nú. Nígbà tí Kanyeyachukwu Tagbo-Okeke, ọmọ ọdún 15 tó ní ọ́tíísìmù, wọ ìwé Guinness ní 2025 fún àwòrán orí kánfáàsì tó tóbi jù lọ láyé, n kò lè ka iye àwọn tó fi ìròyìn náà ránṣẹ́ sí mi, tí wọ́n ń béèrè ẹ̀bùn tí tèmi ní. Inú mi dùn sí ọmọ yẹn dénú. Àjàní kì í yàwòrán. Ó ń ka ewé rìsíìtì, ó ń gba owó oṣù, ó sì máa ń ṣàṣìṣe. Oṣù tó kọjá ó gé 40 káàdì ìgbéyàwó bàjẹ́ torí pé ẹnìkan ṣàdédé tan rédíò.

Wọ́n á ní òfin wà. Mo mọ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó ní tirẹ̀ láti 2011. Ààrẹ fọwọ́ sí ti ìjọba àpapọ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2019, ó ní kí ó kéré tán 5 nínú 100 òṣìṣẹ́ ìjọba jẹ́ aláàbọ̀ ara. Ó dára. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ mẹ́fà ló wà ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, kì í sì í ṣe òfin ló ra pátákó.

Lára àwọn ọmọ 11 tí Dókítà Leo Kanner kọ̀wé nípa wọn ní Amẹ́ríkà ní 1943, nígbà tí ọ̀rọ̀ ọ́tíísìmù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, Donald Triplett ni ẹni àkọ́kọ́. Ó ṣiṣẹ́ ní báńkì kan ní ìlú kékeré tí wọ́n ti bí i fún ohun tó lé ní 60 ọdún. Ọdún 2023 ló kú, lẹ́ni ọdún 89. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, mo fò sókè, mo pe ìyá Àjàní kó wá gbọ́. Ìgbà tí mo tún un kà ni mo rí i pé ẹbí ìyá rẹ̀ ní ọwọ́ nínú báńkì náà. Àwa ò ní báńkì. Ọ̀gá kan la ní, ó ti lé ní ọdún 65, àwọn ọmọ rẹ̀ tó wà ní Kánádà sì ń pè é pé kó wá sinmi. Ó ti ń sọ̀rọ̀ títa ẹ̀rọ. Kò tíì sọ ọjọ́. Mo lọ́ra láti bi í.

Mo rò pé Àjàní ò mọ̀ ni. Ní ìrọ̀lẹ́ Sunday, bí mo ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ màmá yẹn fún ìyá rẹ̀ tí inú ń bí mi, ó jáde láti yàrá, ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń wo ògiri. "Bàámi, bí Ọ̀gá bá lọ, ta ló máa kọ pátákó?"

Mo ní kó wá ká jẹun. Ó wo aago, ó ní aago méje kò tíì lù. Ó jókòó, èmi náà jókòó tì í, a jọ ń dúró dè é.