Ẹ Wá Wo Ògiri Kí Ẹ Tó Gbowó

Ilé kan wà létí títì ní Kàbà. Ilé amọ̀ ni, tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ lára. Wọ́n dá ògiri iwájú rẹ̀ lu kí wọ́n lè yọ ṣọ́ọ̀bù méjì níbẹ̀. Bíríkìlà kò fi irin gbé orí ẹnu ọ̀nà tuntun náà, pákó ló tẹ́ síbẹ̀. Ògiri ti lanu báyìí láti orí ṣọ́ọ̀bù dé ìdí páànù, ìka ọwọ́ sì ń wọ inú rẹ̀. Ìyá tó ń ta gàrí nísàlẹ̀ ti fi páálí dí i.

Irú iṣẹ́ yìí la ní lọ́kàn tí a fi ń sọ pé kí òfin dá sí àtúnṣe ilé. Ẹni tó bá fẹ́ wó ògiri, yọ òpó, tàbí gbé àjà kún ilé tó ti wà nílẹ̀, kó gba àṣẹ, kí ẹni tó mọ iṣẹ́ sì wá wò ó. Ẹni tó fẹ́ kun ilé tàbí pààrọ̀ ìlẹ̀kùn, kí wọ́n fi í sílẹ̀.

Ti páànù náà ńkọ́? Gbogbo ará Yàgbà, Ìjùmú, Ọ̀wẹ́ àti Bùnú ló mọ ìjì àkọ́rọ̀ òjò. Opó tí ìjì ṣí òrùlé mọ́ lórí lálẹ́ kò lè máa retí lẹ́tà àṣẹ láti Lọ́kọ́ja, olú-ìlú ìpínlẹ̀ Kogí wa. Kápẹ́ńtà ni kó pè.

Ilé ẹbí ni púpọ̀ nínú ilé wa, ilẹ̀ wọn kò sì ní ìwé kankan ju pé àdúgbò mọ ẹni tó ni ín. Bí ọ́fíìsì bá ní àfi kí wọ́n mú ìwé ilẹ̀ àti puláànù wá, òru ni wọn yóò máa ṣiṣẹ́, iṣẹ́ òru ló sì burú jù. Kí olórí ẹbí jẹ́rìí, ó tó.

Òfin ètò ìlú ti wà láti 1992, ìlànà ilé kíkọ́ ti orílẹ̀-èdè sì jáde ní 2006. Ní 2003, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti sọ pé ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ni ètò ìlú tirẹ̀. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Lọ́kọ́ja la ń bá sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Ọ̀dà pupa ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ mọ́ òfin yìí. Òṣìṣẹ́ á dé, á kọ ọ́ sára ògiri pé kí iṣẹ́ dúró, á sì lọ. Bí onílé bá ti sanwó, ó parí. Èyí dùn wá gan-an, nítorí ìwé kì í gbé ilé ró. Èkó ní ọ́fíìsì tó ń yẹ ilé wò, síbẹ̀ ilé alájà 21 wó ní Ìkòyí ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, ó sì pa èèyàn tó lé ní 40.

Ilé amọ̀ tiwa tún nílò ojú tó mọ̀ ọ́n. Omi tó bá wọ inú amọ̀ máa ń gbẹ jáde. Bí a bá fi sìmẹ́ǹtì bò ó, omi náà á há sínú. Ògiri á máa rọ̀ nínú, ara rẹ̀ á sì máa dán lóde. Onílé kò ní fura títí yóò fi ya lulẹ̀.

Kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan gba ẹni tó mọ iṣẹ́ ilé kíkọ́, kí wọ́n fún un ní ọ̀kadà, kí wọ́n sì pe àwọn ọ̀gá bíríkìlà mọ́ ọn. Kó dé láàárín ọjọ́ mẹ́ta tí onílé bá ránṣẹ́. Kí owó àyẹ̀wò náà má ju owó iṣẹ́ òòjọ́ bíríkìlà kan lọ, kí onílé má sì san kọ́bọ̀ títí òṣìṣẹ́ yóò fi gun àkàbà, tí yóò sì fọwọ́ kan ògiri.

Kí òjò tó tún bẹ̀rẹ̀, kí ẹnì kan tó mọ̀ ọ́n dé ilé etí títì yẹn, kó wo ibi tí páálí wà, kó sì sọ fún ìyá oní-gàrí bóyá kó gbé àtẹ rẹ̀ kúrò níbẹ̀.