Orí Ò Dọ́gba, Akoto Ìjọba Dọ́gba

Gbogbo ẹni tó rí àwòrán ayẹyẹ tí àwọn aláṣẹ ìrìnnà ti pín akoto lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn tó ń gun alùpùpù ni yóò ti ṣàkíyèsí ohun kan tí àwọn tó ṣètò rẹ̀ kò ṣàkíyèsí, tàbí tí wọ́n rí ṣùgbọ́n tí wọn kò kà á sí: akoto kan náà, ìwọ̀n kan náà, ni wọ́n gbé lé gbogbo orí. Ti ẹnì kan bò ó lójú. Ti ẹnì kejì bà sórí irun rẹ̀ bí ẹyẹ tó bà sórí igi, kò sì sọ̀kalẹ̀ dé iwájú orí. Okùn àgbọ̀n ọ̀pọ̀ wọn ń fì dirodiro nígbà tí àwọn tó dé e ń rẹ́rìn-ín sí ẹ̀rọ ayàwòrán. Lẹ́yìn ayẹyẹ náà ni ìkéde tẹ̀ lé e, pé láti ìsinsìnyí lọ, ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá bá lórí alùpùpù láìdé akoto yóò san owó ìtanràn, wọn yóò sì gba alùpùpù rẹ̀. Ìkéde náà gùn, ó sì le. Kò sí gbólóhùn kan ṣoṣo nínú rẹ̀ tó sọ irú akoto tó yẹ kí èèyàn dé.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì wá gbọ́, a kò lòdì sí òfin akoto. Àwa náà wà lára àwọn tó ké fún un kí ó tó di òfin, a kò sì ní yí ohùn padà nítorí pé àwọn tó ń mú un ṣẹ kò mọ ohun tí wọ́n ń mú ṣẹ. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé dídé akoto bó ṣe yẹ lè dín ewu ikú kù ní ìlọ́po tó ju mẹ́fà lọ, pé ó sì lè dín ewu ìpalára ọpọlọ kù tó ìdá 74 nínú 100. Ẹ jẹ́ kí á tún ibẹ̀ kà: bó ṣe yẹ. Inú ọ̀rọ̀ mẹ́ta wọ̀nyí ni gbogbo ìjà wa pẹ̀lú àwọn aláṣẹ ìrìnnà wà, orí wọn náà sì ni wọ́n máa ń fò kọjá nígbàkigbà tí wọ́n bá ń ka ìṣirò náà fún aráàlú.

Ohun tó ń gba ẹ̀mí là nínú akoto kì í ṣe ìkarahun òde tí wọ́n kùn tó ń dán. Iṣẹ́ ti ìkarahun ni kí ohun tó mú má lè wọlé, kí agbára ìkọlù sì tàn káàkiri dípò kí ó dúró sójú kan. Fóòmù funfun líle tó wà lábẹ́ rẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń há ẹ̀rọ tuntun sínú páálí kó má baà fọ́, ni ọ̀gá ibẹ̀. Nígbà tí orí bá kan ilẹ̀, agbárí á dúró lójijì, ṣùgbọ́n ọpọlọ inú rẹ̀ á ṣì máa lọ. Fóòmù á rún, á sì sọ ìdúró òjijì yẹn di èyí tó pẹ́ díẹ̀. Díẹ̀ náà, tí kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan, ni ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó dìde tó gbọn eruku ara rẹ̀ nù àti ẹni tí wọ́n gbé. Fóòmù tó bá sì ti rún kì í padà sípò. Ìdí nìyẹn tí akoto tó ti gba ìkọlù ńlá kan fi ti parí iṣẹ́, bí òde rẹ̀ tilẹ̀ ń dán bíi tuntun.

Ṣùgbọ́n fóòmù kò lè ṣe iṣẹ́ yìí fún orí tí kò fara kàn án. Bí àyè bá wà láàárín orí àti akoto, orí á kọ́kọ́ sáré la àyè náà kọjá, á sì lọ gbá fóòmù kí fóòmù tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Èyí tó burú jù ni pé akoto tó tóbi lè yí bo ojú, tàbí kó ṣí dànù nígbà ìkọlù àkọ́kọ́, kí orí lásán wá lọ gba ìkejì. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó jábọ́ láti orí alùpùpù kì í sábà kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nítorí náà, nígbà tí a bá ń sọ pé kí akoto bá orí mu, kì í ṣe ọ̀rọ̀ oge là ń sọ.

Ibí yìí ni a ti máa ń bá àwọn aláṣẹ jà jù. Wọ́n ka ìrọ̀rùn sí fàájì, bí ẹni pé ọ̀lẹ ni ẹni tó bá ráhùn pé akoto ń há òun lórí. Kí ẹni tó bá rò bẹ́ẹ̀ lọ dé akoto tó ń tẹ̀ ẹ́ níwájú orí fún 30 ìṣẹ́jú péré, kó wá sọ bó ṣe rí fún wa. Orí á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, ọkàn á kúrò lójú ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ á gbéra: á ti akoto sẹ́yìn, á tú okùn àgbọ̀n, nígbẹ̀yìn á yọ ọ́ pátápátá, á fi kọ́ ọwọ́ alùpùpù títí di ìgbà tí ọlọ́pàá bá yọ lọ́ọ̀ọ́kán. Àwọn aláṣẹ á pe ìyẹn ní àìgbọràn. A kò sẹ́ pé aláìgbọràn wà, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, ìrora ni.

Orí èèyàn kì í sì í ṣe bọ́ọ̀lù. Ti àwọn kan rí róbótó. Ti àwọn mìíràn gùn láti iwájú dé ìpàkọ́, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Àwọn méjì tí téèpù fún ní sẹ̀ǹtímítà 58 lè dé akoto kan náà, kí ó rọ ọ̀kan lọ́rùn bí ìrọ̀rí, kí ó sì máa gún èkejì ní ẹ̀bátí. Àwọn tó mọ ìtàn Dáfídì á rántí pé àkoró idẹ ọba fúnra rẹ̀ ni wọ́n gbé lé e lórí, tó sì bọ́ ọ sílẹ̀ nítorí pé kò dán an wò rí. Àwọn aláṣẹ wa kò tilẹ̀ fún wa ní ti ọba.

Ohun tó yẹ kí wọ́n ti sọ nínú ìkéde wọn kò ṣòro. Ẹni tó fẹ́ ra akoto ní láti fi téèpù aránṣọ wọn orí rẹ̀ yíká, kó gbà á láti iwájú orí lókè irun ojú díẹ̀, kó yí i gba ibi tó yọ síta jù ní ìpàkọ́, kó sì fi ohun tó bá rí wé ìwọ̀n tí ilé iṣẹ́ tó ṣe akoto náà kọ sílẹ̀, nítorí pé ìwọ̀n ilé iṣẹ́ kan kì í dọ́gba pẹ̀lú ti òmíràn. Ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Akoto tuntun gbọ́dọ̀ fún mọ́ra díẹ̀, kó tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ débi pé èèyàn á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gé e jẹ bó bá ń sọ̀rọ̀, nítorí pé tìmùtìmù inú rẹ̀ á rọ̀ bó ṣe ń pẹ́. Èyí tó bá gba èèyàn láyè bíi fìlà lọ́jọ́ àkọ́kọ́ á ti máa mì lórí kí oṣù mélòó kan tó pé. Fífún mọ́ra yàtọ̀ sí gígún. Bí ó bá tẹ gbogbo orí dọ́gba, ó dára. Bí ó bá dá ojú kan mú, kò dára, kò sì ní dára láé, ohunkóhun tí ẹni tó ń tà á ìbáà sọ. Kí ẹni náà dé e fún 20 ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó sanwó, kó yọ ọ́, kó sì wo dígí: bí àmì pupa bá wà lójú kan níwájú orí, akoto náà ti sọ tẹnu rẹ̀. Kó gbọn orí sọ́tùn-ún sósì. Awọ ojú ló yẹ kó máa bá akoto lọ, kì í ṣe kí akoto máa dá yí. Kó de okùn àgbọ̀n débi tí ohun tó lè wọ abẹ́ rẹ̀ kò fi ní ju ìka méjì lọ, kó wá ní kí ẹlòmíràn di akoto náà mú ní ìpàkọ́, kó sì fà á sókè síwájú. Bó bá ṣí kúrò lórí, kó dá a padà fún ẹni tó ni ín. A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ olùtajà kì í fẹ́ kí oníbàárà ṣe báyìí. Kí wọ́n máa bínú.

Ní ti irú akoto tó yẹ, èrò wa kò yí padà: èyí tó bo ojú àti àgbọ̀n ló dára jù. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Jámánì lórí ojú ibi tí ìkọlù ti ń bá akoto fi hàn pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ló ń bá agbègbè àgbọ̀n àti ojú. Akoto tó dúró sókè etí kò ní ohunkóhun níbẹ̀ tí yóò fi gbà á. Ooru wà nínú èyí tó bo ojú, a kò jiyàn, ìdí sì nìyẹn tó fi yẹ kí èèyàn wo ihò afẹ́fẹ́ rẹ̀ dáadáa kó tó rà á.

Òǹtẹ̀ ńkọ́? Ìlànà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tí wọ́n ń pè ní ECE 22.06, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021, ló rọ́pò 22.05 tó ti wà láti ọdún 2000. Lábẹ́ èyí tuntun, wọ́n ń ju akoto lulẹ̀ ní eré tó lọ́ra ju ti àtijọ́ lọ àti ní èyí tó yá jù ú lọ, wọ́n sì tún ń jù ú lu ohun tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ láti mọ bí yóò ṣe yí orí, nítorí pé kí ọpọlọ yí nínú agbárí léwu púpọ̀. Lára okùn àgbọ̀n akoto bẹ́ẹ̀, èèyàn á rí lẹ́tà E nínú òbíríkítí pẹ̀lú nọ́ńbà kan. Nọ́ńbà náà kì í ṣe máàkì ìdánwò bí àwọn kan ṣe rò. Orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí akoto náà ló ń tọ́ka sí, 1 fún Jámánì, 2 fún Faransé, 3 fún Ítálì. Lẹ́tà P túmọ̀ sí pé ibi àgbọ̀n rẹ̀ lè dáàbò boni, J pé kò ní ibi àgbọ̀n rárá, NP pé ibi àgbọ̀n wà lóòótọ́ ṣùgbọ́n kò lè dáàbò bo ẹnikẹ́ni. Ẹ wo NP yẹn dáadáa: akoto tó jọ odindi, tó sì jẹ́ ìdajì. Nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n kó sójú pópó láti máa gba alùpùpù olóòótọ́ èèyàn, mélòó ló mọ̀ ọ́n kà?

Ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ tó ṣe akoto fúnra rẹ̀ ló ń jẹ́rìí pé ó bá ìlànà DOT, ti ilé iṣẹ́ ìrìnnà ìjọba ibẹ̀, mu, ìjọba á sì wá ra díẹ̀ lọ́jà láti dán an wò. Irú ètò bẹ́ẹ̀ kò burú níbi tí ìjọba bá ti ń rà á tó sì ń dán an wò ní tòótọ́. Níbi tí kò bá ti rí bẹ́ẹ̀, sítíkà DOT kò ju bébà lọ, ẹnikẹ́ni tó ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sì lè tẹ ẹgbẹ̀rún rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tilẹ̀ lọ síwájú sí i: ètò SHARP wọn ń fún akoto ní ìràwọ̀ kan sí márùn-ún, kí oníbàárà lè mọ ìyàtọ̀ láàárín àwọn tó ti gba òǹtẹ̀ kan náà. Àwọn akoto kan tí owó wọn kò pọ̀ ti gba ìràwọ̀ márùn-ún níbẹ̀.

Kò sí aláṣẹ kan tó lè sọ pé ọ̀rọ̀ yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ní 1935, oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ kan tó ń jẹ́ Hugh Cairns wà lára àwọn dókítà tó tọ́jú T. E. Lawrence, gbajúmọ̀ ológun Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní Lawrence of Arabia, nígbà tó fi alùpùpù ní ìjàǹbá. Lawrence kú lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́fà. Cairns kò gbàgbé. Ní 1941 ó tẹ ìwádìí jáde lórí ìpalára orí àwọn tó ń gun alùpùpù àti àǹfààní akoto, lọ́dún yẹn kan náà ni ilé iṣẹ́ ológun Gẹ̀ẹ́sì sì sọ akoto di dandan fún àwọn ológun tó ń fi alùpùpù jíṣẹ́. Ohun tí ìwádìí dókítà kan mú ṣẹlẹ̀ nígbà tí bọ́ǹbù ń bọ́ láti ojú ọ̀run, àwọn tiwa kò lè ṣe ìdajì rẹ̀ ní àsìkò àlàáfíà, pẹ̀lú gbogbo ìgbìmọ̀ àti ìpàdé wọn.

Kí wọ́n kọ́kọ́ mú ẹni tó ń ta akoto ayédèrú kí wọ́n tó mú ẹni tó dé e. Ìdàkejì rẹ̀ ni kí wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n máa pa làpálàpá. Kí ẹ̀ṣọ́ tó bá dá alùpùpù dúró fi ọwọ́ kan okùn àgbọ̀n, kó má ṣe wo orí láti òkèèrè kó sì júwọ́ pé kó máa lọ. Kí òfin dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ra akoto tó ti ní ìjàǹbá, tí wọ́n ń tún un kùn, tí wọ́n sì ń tà á. Bí owó bá sì wà láti pín akoto lọ́fẹ̀ẹ́, kí wọ́n fi owó kan náà ra onírúurú ìwọ̀n, kékeré, àárín àti ńlá, kí wọ́n má sì gbàgbé èrò ẹ̀yìn, ẹni tó jẹ́ pé akoto tí orí rẹ̀ bá bá lónìí ló máa ń dé. A ti sọ gbogbo èyí rí lójú ewé yìí. Wọ́n kọ etí ikún sí i. Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, ńṣe ló ń le koko sí i, ohun tó sì tẹ̀yìn rẹ̀ yọ ni ayẹyẹ ọjọ́ yẹn.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni a fẹ́ kí wọ́n dáhùn lọ́sẹ̀ yìí. Akoto tó bá ìlànà mu sábà máa ń wúwo ju kílò kan lọ, fóòmù líle inú rẹ̀ sì máa ń nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 2.5. Èyí tí a gbé lọ́wọ́ nínú àwọn tí wọ́n pín fúyẹ́ bí igbá. Kí àwọn aláṣẹ mú ọ̀kan nínú wọn, kí wọ́n fi ayùn là á sí méjì lójú àwọn oníròyìn, kí wọ́n sì fi rúlà wọn ohun tó wà nínú rẹ̀. A ti béèrè fún èyí lẹ́ẹ̀mejì. Bí kò bá sí ayùn ní ọ́fíìsì wọn, a óò gbé tiwa wá.