Lucy ní orúnkún tirẹ̀
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ibi tó jìnnà réré ni wọ́n ti ṣa orúnkún Lucy, egungun àtijọ́ ẹ̀dá tó jọ ènìyàn yẹn, tí wọ́n wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Ẹ ti da ẹni méjì pọ̀. Ọdún 1973 ni Donald Johanson, onímọ̀ nípa egungun àtijọ́, rí orúnkún tí ẹ ń wí ní Hadar, ní Ethiopia. 1974 ló tó rí Lucy, ní bíi kìlómítà 2.5 síbẹ̀. Lucy ní tirẹ̀: ìsàlẹ̀ egungun itan òsì, òkè egungun ojúgun ọ̀tún. Itan ọ̀hún fì wá sínú níbi orúnkún bíi tèmi tẹ̀yin (ẹ fọwọ́ tọ tiyín wò). Ti ìnàkí a máa nà tààrà. Ìyẹn ni wọ́n fi ń sọ pé ẹsẹ̀ méjì ni Lucy fi ń rìn. Ẹ lè má gba ẹfolúṣọ̀n gbọ́, ìyẹn èrò pé ẹ̀dá ń yí padà díẹ̀díẹ̀ láti ìran dé ìran, ìyẹn ò dìjà o. Ṣùgbọ́n orúnkún ọmọlọ́mọ lẹ fi ń jiyàn.