Pọ́n-ùn mẹ́wàá kọ́ ló sọ Anton Rupert di olówó

Ẹnìkan tún ti fi ohùn ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹgbẹ́ wa. Ó ní kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ yéé ráhùn pé ẹ ò lówó. Ó ní pọ́n-ùn 10 péré ni Anton Rupert ará Gúúsù Áfíríkà mú, tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí sìgá nínú gáréèjì, tó fi di ọ̀kan nínú àwọn tó lówó jù ní Áfíríkà. Kíá làwọn èèyàn ti ń ṣe àmín. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Wọ́n ń sọ ọ́ níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́, wọ́n ń sọ ọ́ lórí pẹpẹ, kò sì sẹ́ni tó ń béèrè ẹni tó mú ìyókù owó wá.

Pọ́n-ùn 10 yẹn wà lóòótọ́. Rupert yọ ọ́ lápò ara rẹ̀ lọ́dún 1941, nígbà tí òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá iléeṣẹ́ tábà Voorbrand sílẹ̀ ní Johannesburg. Ṣùgbọ́n kí ni pọ́n-ùn 10 fẹ́ ṣe níbi tí èèyàn ti máa ra ewé tábà, tó máa ra ẹ̀rọ, tó sì máa san owó oṣù? Iléeṣẹ́ ìdókòwò kan tó ń jẹ́ Federale Volksbeleggings ló bá wọn gbé owó gidi sílẹ̀. Ibi tí iléeṣẹ́ yẹn ti rówó ni kí ẹ jẹ́ ká wò.

Òṣì ń ta àwọn Afrikaner nígbà náà, ìyẹn àwọn aláwọ̀ funfun Gúúsù Áfíríkà tó ń sọ èdè Afrikaans, tí Rupert jẹ́ ọ̀kan lára wọn. Ìwádìí tí àjọ Carnegie ti Amẹ́ríkà náwó sí, tó jáde lọ́dún 1932, ka nǹkan bí 300,000 aláwọ̀ funfun sí òtòṣì paraku, Afrikaner ló sì pọ̀ jù nínú wọn, àgbẹ̀ tí ọ̀dá àti gbèsè lé kúrò lóko. Lọ́dún 1938 ni wọ́n fi ọkọ̀ tí màlúù ń fà rìn láti Cape Town dé Pretoria, láti ṣèrántí ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn baba ńlá wọn ṣí kúrò ní Cape. Àsìkò yẹn ni àlùfáà àgbà wọn, J. D. Kestell, ké sí wọn pé kí wọ́n dáwó jọ, kí wọ́n fọwọ́ ara wọn yọ ara wọn nínú ìṣẹ́. FAK, àpapọ̀ àwọn ẹgbẹ́ àṣà Afrikaner tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1929, gba ọ̀rọ̀ náà ṣe. Wọ́n pe ìpàdé ńlá lórí ọrọ̀ ajé sí Bloemfontein ní oṣù kẹwàá ọdún 1939. Ẹgbẹ́ àṣà ni mo wí o, àwọn tó ń ṣètọ́jú èdè àti orin! Àwọn ló jókòó tí wọ́n ń ṣírò bí owó olùkọ́, àgbẹ̀ àti pásítọ̀ ṣe máa di iléeṣẹ́.

Ìpàdé yẹn ló bí Federale Volksbeleggings lọ́dún 1940, tí Sanlam, iléeṣẹ́ adójútòfò tó ti wà láti ọdún 1918, sì gbé e ró. Òun náà ló bí Reddingsdaadbond, ẹgbẹ́ tó ń ran àwọn Afrikaner lọ́wọ́ láti bọ́ nínú ìṣẹ́, tí Nico Diederichs ṣe olórí rẹ̀, tí ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ju 60,000 lọ nígbà tó gbilẹ̀. Ta ló ń bójú tó ẹ̀ka òwò kéékèèké nínú ẹgbẹ́ náà? Rupert yìí kan náà! Ẹni tí wọ́n ní ó dá wà nínú gáréèjì, inú ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń wá owó fún oníṣòwò Afrikaner ló ti ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà, òun àti Dirk Hertzog alábàáṣe rẹ̀ ń ta ìpín iléeṣẹ́ wọn fáwọn àgbẹ̀ tó ń gbin àjàrà ọtí. Iléeṣẹ́ ọtí Distillers Corporation tẹ̀ lé e lọ́dún 1945, sìgá Rembrandt sì jáde ní Paarl lọ́dún 1948.

Òfin wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Òfin ilẹ̀ ọdún 1913 ti há àwọn aláwọ̀ dúdú mọ́ nǹkan bí ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ orílẹ̀-èdè náà. Ọmọ aláwọ̀ dúdú tó mọ kẹ́mísìrì ju Rupert lọ kò lè wọ Yunifásítì Pretoria níbi tí Rupert ti kà á. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé ìfaradà nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀.

Wọ́n á ní ìtàn náà ń fún ọ̀dọ́ ní ìgboyà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù n'Íbàdàn, mo sì mọ ohun tí ìgboyà òfìfo ń fà. Gbogbo oníṣòwò tí ọjà rẹ̀ fẹjú lójú mi, ẹgbẹ́ ló yá a lówó, ẹlòmíì ló sì ṣe onídùúró fún un. Ẹni tó bá dá dúró ti owó kékeré ọwọ́ rẹ̀, bí ọmọ bá ṣàìsàn báyìí, ojú owó ti wọgbó nìyẹn. Télọ̀ kan jókòó síwájú mi tó ń sunkún, ó ní ọ̀lẹ lòun, torí pé owó tóun fi bẹ̀rẹ̀ ju ti Rupert lọ tí kò sì dúró. Ọ̀lẹ kọ́ o. Wọ́n parọ́ fún un ni.

Rupert gbọ́n, n ò jiyàn. Ó mọ tábà, ó mọ ọjà tà, àwọn míì sì gba irú owó yẹn tí wọn ò fi ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá tún fẹ́ sọ̀rọ̀ pọ́n-ùn 10 létí mi, kó dárúkọ Federale Volksbeleggings mọ́ ọn, kó sì ka òfin ọdún 1913 tẹ̀ lé e.