Góòlù Paris yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ nìkan

Gbogbo ìgbà tí ọ̀rọ̀ Oliver Zeidler, atukọ̀ ilẹ̀ Jámánì tó gba góòlù Òlíḿpíìkì ní Paris lọ́dún 2024 nínú ìdíje ọkọ̀ ẹlẹ́nì kan, bá délẹ̀, ohun tí àwọn èèyàn máa ń sọ ni pé, "Ṣebí ilé atukọ̀ ni wọ́n bí i sí." Òótọ́ ni. Bàbá àgbà rẹ̀, Hans-Johann Färber, wà lára àwọn tó gba góòlù Òlíḿpíìkì ní Munich lọ́dún 1972. Judith Zeidler, tó jẹ́ arábìnrin bàbá rẹ̀, wà nínú ọkọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́jọ tó gba góòlù ní Seoul lọ́dún 1988. Bàbá tó bí i lọ́mọ, Heino, ló sì ń kọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n pẹ̀lú gbogbo góòlù tó wà nílé wọn, ìlúwẹ̀ẹ́ ni Oliver gbájú mọ́ títí ó fi pé ọmọ ogún ọdún. Ìgbà tí ọ̀nà Òlíḿpíìkì Rio 2016 kò là fún un nídìí ìlúwẹ̀ẹ́ ló tó di àjẹ̀ mú. Ogún ọdún! Nígbà tó fi máa di 2019, ó ti di àkọ́kọ́ lágbàáyé nínú ìdíje ọkọ̀ títù ní Linz, nílẹ̀ Austria. Ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá kan péré ló fi ṣáájú Sverri Nielsen tó ń tukọ̀ fún Denmark.

Ẹ̀jẹ̀ nìkan kò lè ṣe ìyẹn. Lójú tèmi, inú omi ìlúwẹ̀ẹ́ ló ti rí èémí tó gùn àti ẹ̀yìn tó le. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń rò pé ọmọ yín ti fọdún ṣòfò nídìí eré ìdárayá kan kó tó bọ́ sí òmíràn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un rò.

Ohun tí ìlúwẹ̀ẹ́ kò lè kọ́ ọ ni bí èèyàn ṣe ń dá jókòó sínú ọkọ̀ tóóró nígbà tí omi bá ń ru. Àjẹ̀ méjì, èèyàn kan, ẹ̀yìn ló sì kọ sí ibi tó ń lọ. Bí ọkọ̀ bá mì, kò sẹ́ni tó máa bá a dì í mú. Ibẹ̀ ni Òlíḿpíìkì Tokyo ti mú un. Ọ̀pọ̀ ló ti fọkàn sí i pé òun ni yóò borí, àmọ́ ipò kẹrin ló ṣe ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá, bí ọ̀nà àmì ẹ̀yẹ ṣe dí nìyẹn. Lọ́dún 2022, ní ìdíje ilẹ̀ Yúróòpù ní Munich, lórí omi kan náà tí bàbá àgbà rẹ̀ ti gba góòlù, níwájú àwọn ará ilé, ipò kẹrin ló tún ṣe. Èyí dùn mí ju ti Tokyo lọ.

Kò pé oṣù méjì lẹ́yìn rẹ̀ tó tún fi di àkọ́kọ́ lágbàáyé ní Račice. Lọ́dún 2023, ó tún gba ipò náà ní Belgrade.

Nígbà tí Paris 2024 wá dé, kí wọ́n tó dé àṣekágbá rárá, ó ti tu 2,000 mítà ní 6:35.77, ìyẹn ìṣẹ́jú mẹ́fà àti ìṣẹ́jú àáyá 35.77. Kò sí ọkùnrin tó dá tukọ̀ yára tó bẹ́ẹ̀ rí ní Òlíḿpíìkì. Nínú àṣekágbá, 6:37.57 ló lò, ó sì fi ìṣẹ́jú àáyá tó lé ní márùn-ún ṣáájú ẹni kejì. Ẹ rántí pé ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ló fi borí ní Linz.