Ta ló ní átọ́ọ̀mù máa ń dúró gbagidi nínú òtútù?

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń ṣàlàyé físíìsì fáwọn ọ̀dọ́ tún dìde, ó ní tí gáàsì bá ti tutù débi tó sún mọ́ òdo pátápátá, ìyẹn −273.15 lórí ìwọ̀n Celsius, gbogbo átọ́ọ̀mù inú rẹ̀ á dúró gbagidi. Kò tán síbẹ̀ o. Ó ní tí átọ́ọ̀mù àjèjì kan bá já sáàárín wọn, ńṣe ló máa há síbẹ̀ bí òkúta inú yìnyín. Àwọn èèyàn ń mi orí. Èmi ń wo ilẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí. Mo ti jókòó ti irú ẹ̀rọ yẹn rí lóru, àwa méjì péré. Lẹ́yìn tí lésà àti mágnẹ́ẹ̀tì ti mú gáàsì rubidium tutù tán, ìkùukùu átọ́ọ̀mù wa rí tẹ́ẹ́rẹ́ lójú kọ̀ǹpútà, ó ga ju bó ṣe fẹ̀ lọ. A pa pàkúté tó dì í mú, a dúró fún mílísẹ́kọ́ǹdì 20, a ya fọ́tò. Ó ti yí padà: ó ti wá fẹ̀ ju bó ṣe ga lọ. A tún un ṣe títí ilẹ̀ fi mọ́, bákan náà ló ń rí. Ohun tó ti dúró gbagidi ṣe ń fẹ̀? Kódà átọ́ọ̀mù rubidium tí kò tíì wọnú Bose-Einstein condensate, ìyẹn ipò tí átọ́ọ̀mù tó tutù gan-an ti ń ṣe bí ẹyọ kan ṣoṣo, ṣì ń rìn tó mìlímítà 5 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, bí òtútù bá wà ní nanokelvin 100, ìyẹn ìdá kan nínú mílíọ̀nù mẹ́wàá ìwọ̀n Celsius kan péré sókè òdo pátápátá. Ó lọ́ra, mo gbà, nítorí nínú yàrá lásán, eré tó ń sá tó mítà 290. Àmọ́ ẹni tó ń wọ́sẹ̀ kọ́ ni ẹni tó dúró.

Wọ́n á ní ìwé ilé ìwé ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó dáa. Kí ìwé náà wá ṣàlàyé fún mi ìdí tí helium kì í fi í dì, tó bá jẹ́ pé òtútù ń dá átọ́ọ̀mù rẹ̀ dúró gbagidi, bó ti wù kó tutù tó, àfi tí wọ́n bá fi agbára tẹ̀ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ àjèjì yẹn ló dùn mí jù. Lọ́dún 2017, àwọn kan ní Innsbruck, lórílẹ̀-èdè Austria, ti gáàsì cesium sínú ọ̀nà tóóró débi pé òkè àti ìsàlẹ̀ nìkan ni átọ́ọ̀mù lè lọ. Wọ́n fi mágnẹ́ẹ̀tì gbé àwọn onílé, ìyẹn àwọn átọ́ọ̀mù gáàsì náà fúnra wọn, dúró kí wọ́n má bàa já bọ́, wọ́n wá fi àjèjì sílẹ̀ kí ilẹ̀ máa fà á. Ẹni tó bá gba ọ̀gbẹ́ni wa gbọ́ á ní á há. Ẹni tó bá ronú díẹ̀ á ní á já lọ sísàlẹ̀ tààrà. Kò há, kò sì já lọ. Ó lọ sísàlẹ̀, ó dúró, ó padà sókè, ó tún sọ̀ kalẹ̀. Ohun tó fà á ni pé àwọn onílé yẹn ń ti ara wọn gan-an, wọn kì í fẹ́ fara kan ara wọn, torí náà wọ́n tò bí igi àkàbà, bẹ́ẹ̀ lésà kankan ò ṣe àkàbà lójú ọ̀nà yẹn fún wọn. Ara àkàbà yìí ni àjèjì náà ti ń ta padà. Mo ka ìròyìn ìwádìí yẹn lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i.

Ṣáájú ìgbà yẹn, lọ́dún 2000, wọ́n ti ṣe òmíràn ní yunifásítì MIT, l'Amẹ́ríkà, pẹ̀lú condensate sodium. Tí àjèjì bá ń rìn ju bí ìró ṣe ń rìn nínú gáàsì náà lọ, ó ń kọ lu àwọn onílé. Tí ìrìn rẹ̀ bá kéré síyẹn, ìkọlù náà á dín kù jọjọ, àjèjì á yọ́ kọjá láàárín wọn. Ṣé òkúta inú yìnyín nìyẹn?

Àti pé àjèjì kì í dá rìn. Ó ń fa àwọn tó wà nítòsí mọ́ra tàbí kó máa tì wọ́n, wọ́n á sì jọ máa lọ, bíi bàtà tó gbé ẹrẹ̀. Òun àti ẹrẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní polaron. Landau, onímọ̀ físíìsì ará Soviet, ti dábàá irú rẹ̀ fún electron inú kírísítálì lọ́dún 1933. Ẹgbẹ́ Zwierlein, onímọ̀ físíìsì ní MIT, rí i nínú gáàsì lithium lọ́dún 2009. Lọ́dún 2016, wọ́n rí i nínú condensate ní Boulder, l'Amẹ́ríkà, àti ní Aarhus, lórílẹ̀-èdè Denmark. Nínú lithium, nígbà tí ìfamọ́ra wọn bá dé góńgó, àjèjì náà á wúwo sí i ní nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún. Bàtà tí kò kúrò lójú kan ò lè gbé ẹrẹ̀.

Àríyànjiyàn ṣì wà lórí bí polaron inú condensate ṣe ń rí tí ìfamọ́ra bá le gan-an, mo gbà. Kò sí ẹnì kankan nínú àwọn tó ń jiyàn náà tó ní ó há.

Nígbà tí wọ́n ní ká béèrè ìbéèrè, mo béèrè lọ́wọ́ ọ̀gbẹ́ni náà pé kí ló ń tari àjèjì Innsbruck padà sókè. Ó ní ká jẹ́ kí ẹlòmíì sọ̀rọ̀.