Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí

Àwọn àgbà a máa wí pé àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ. Láti ìgbà tí mo ti ka ìtàn Mary Ann Cotton, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n yẹgi fún ní Durham ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹta ọdún 1873, ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò lọ́kàn mi mọ́.

Ọkọ mẹ́rin ni obìnrin yìí fẹ́, mẹ́ta sì kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Àwọn ọmọ tó bí kú, àwọn tó bá nílé ọkọ kú, ìyá rẹ̀ tó lọ tọ́jú náà kú. Inú rírun, èébì àti ìgbẹ́ gbuuru ló ń pa wọ́n, àwọn dókítà sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé àìsàn inú ni, nítorí pé irú rẹ̀ wọ́pọ̀ nílé àwọn tálákà ìgbà náà. Òun a sì lọ gba owó adójútòfò. Àwọn kan fura pé àwọn tó pa tó 21. Ọkọ rẹ̀ kẹta, James Robinson, tó kọ̀ láti ra adójútòfò sórí ẹ̀mí ara rẹ̀, nìkan ló bọ́.

Ní ọdún 1872, ní West Auckland, Mary Ann sọ fún Thomas Riley, òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó àwọn aláìní, pé Charles Edward, ọmọ ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọdún 7, kò ní pẹ́ yọ òun lẹ́nu mọ́, pé yóò lọ bí àwọn ará ilé Cotton yòókù ṣe lọ. Ara ọmọ náà le lójú Riley. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ó kú.

Riley gbọ́ igbe àjẹ́ lóòótọ́, ó sì sáré lọ bá ọlọ́pàá àti dókítà, síbẹ̀ àwọn ìgbìmọ̀ tó kọ́kọ́ wádìí ikú náà ní àìsàn lásán ni. Bí kì í bá ṣe pé dókítà Kilburn tọ́jú díẹ̀ nínú ohun tó wà níkùn ọmọ náà, tó padà yẹ̀ ẹ́ wò, tó sì bá arsenic níbẹ̀, májèlé tí wọ́n ń rà fún eku àti ìdun nígbà náà, ilé rẹ̀ ni Mary Ann ìbá padà sí. Agbẹjọ́rò rẹ̀ ní bébà aláwọ̀ ewé ara ògiri ló tú májèlé náà jáde, ṣùgbọ́n wọ́n ti hú òkú àwọn mìíràn tó kú nínú ilé náà, arsenic sì wà lára àwọn náà.

Ní agbo ilé tí mo dàgbà sí ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ méjì kú láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Òkú òfò ni, ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n ń sin wọ́n. Nítorí pé màmá àgbà kan ti bá ìyá wọn jà nídìí kànga, gbogbo ilé ti dá ẹjọ́. Èmi tó máa ń fún ní ẹ̀pà dẹ́kun kíkí i, ó sì ń dùn mí títí dòní. Ó kó lọ sí abúlé ọmọ rẹ̀, ibẹ̀ ló kú sí. Kò sẹ́ni tó béèrè ohun tí àwọn ọmọ náà jẹ, tàbí omi tí wọ́n mu, tàbí oògùn eku tí wọ́n fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò ẹlùbọ́.

Mo mọ̀ pé ó ń dun òbí kí wọ́n fi abẹ kan òkú ọmọ rẹ̀, ẹ̀sìn ọ̀pọ̀ wa kò sì fẹ́ kí òkú pẹ́ nílẹ̀. Síbẹ̀, bí ọmọ méjì bá kú tẹ̀léra nínú ilé kan, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ̀ wọ́n wò kí a tó gbẹ́ ilẹ̀. Bí ẹnìkan bá pa àwọn ọmọ ilé wa lóòótọ́, à bá ti mọ̀ ọ́n. Bí kò bá sì sí, inú yàrá ara rẹ̀ ni màmá yẹn ìbá kú sí.